Okùn Ìwọ̀ Mẹ́ta: Èyí Tó Yẹ Odò Èkìtì Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn, Èyí Tó Yẹ Ẹ́ Nígbà Òjò

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwọ̀ àti àwọ̀n, oríṣi okùn mẹ́ta ni wọ́n lè kó síwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni okùn ọ̀rá tó ń dán, tí ojú ń rí kọjá. Èkejì ni okùn híhun tó rí bí òwú ìránṣọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon, tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára okùn ọ̀rá, àfi tí wọ́n bá dárúkọ owó rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń tajà máa kọ́kọ́ sọ ni kílò: èyí gbé mẹ́wàá, èyí gbé ogún. Kílò kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Irú ẹja tó wà nínú odò Ògbèsè lóṣù kejì náà ló wà níbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n omi tó bo ẹja náà mọ́lẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Omi yẹn ló ń yan okùn, àwa kàn ń lọ rà á ni.

Òkè àti àpáta ló kún ilẹ̀ Èkìtì. Bí òjò bá dà sórí òkè, kì í pẹ́ kó tó ṣàn dé ìsàlẹ̀. Odò tẹ́ ẹ rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lè ti pọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, kó máa gbé ewé àti ẹ̀ka igi lọ. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, omi á fà, á mọ́ gaara, ibòmíràn á sì ku ọ̀gọ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín òkúta. Òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ìyẹn ni òjò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá á wá kún odò dé etí. Ti dámù tún yàtọ̀. Omi dámù Èrò tó wà ní Ìkún Èkìtì, àti ti Ìtapájì lápá Ìkọ̀lé, jìn, kì í sáré, ojú rẹ̀ sì fẹ̀. Ewéko etí omi àti kùkùté igi tó rì ni ọ̀tá okùn nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Bí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí:

| | Okùn ọ̀rá | Okùn híhun | Fluorocarbon |
|---|---|---|---|
| Nínú omi | ó ń rọra rì | ó ń léfòó | ó ń tètè rì |
| Tí ẹja bá fà á | ó ń nà dáadáa | kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà | ó ń nà díẹ̀ |
| Lára àpáta | ó ń fara dà á | ó ń tètè já | ó ń fara dà á jù |
| Lójú ẹja, nínú omi tó mọ́ | ó hàn díẹ̀ | ó hàn kedere | ó ṣòro láti rí |
| Lọ́wọ́ ẹni tí kò ní rílì (ẹ̀rọ tí wọ́n ń ká okùn sí lára ọ̀pá) | ó rọrùn | ó ń gé ọwọ́ | ó gan |
| Owó | kò wọ́n | ó wọ́n | ó wọ́n, pàápàá fún ìwọ̀nba gígùn rẹ̀ |

Tábìlì yẹn kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Orí okùn ọ̀rá ni mo máa pẹ́ sí jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fi ojú kéré.

Okùn ọ̀rá

Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣe náílọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe okùn yìí, jáde ní 1935, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe okùn ìpẹja. Okùn yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ bàbá apẹja wa lọ, síbẹ̀ èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì lé e kúrò lọ́jà.

Ìwà tó ní tó fi yẹ odò wa ni pé ó ń nà. Okùn ọ̀rá dáadáa lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn rẹ̀ nà kó tó já. Àrọ̀ kì í fa okùn jẹ́jẹ́. Á gbé ìjẹ, á yí orí padà, á sì já wọ abẹ́ àpáta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi ọ̀pá ọparun dẹ ìwọ̀ kò ní rílì tó máa tú okùn sílẹ̀ fún un. Nínà tí okùn ń nà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ rílì, òun ló ń gba ìjà ẹja mọ́ra kí ẹnu ẹja tó ya tàbí kí kókó tó já. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń sọ pé nínà jẹ́ àbùkù fún okùn, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń fi rílì olówó ńlá pẹja.

Ó ní àbùkù o. Ó máa ń fa omi mu díẹ̀, nítorí náà okùn tó ti wà nínú odò fún wákàtí bíi mélòó kan kò lágbára tó bó ṣe wà nígbà tó gbẹ, ojú kókó ni ó sì ti ń kọ́kọ́ rẹ̀. Oòrùn ń bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún kan sí èkejì, tí oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, lè funfun tó ti tẹ́lẹ̀ kó sì ti kú tán nínú. Bákan náà, bó bá pẹ́ lára ìdì tí wọ́n ká a sí, á máa ká rúgúdú bẹ́ ẹ bá tú u. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ so orí kan mọ́ igi, kí ẹ rọra fà á gùn.

Ní ti bó ṣe nípọn tó, ẹ wo mìlímítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ju kílò lọ, nítorí kílò ni àwọn tó ń ṣe okùn olówó pọ́ọ́kú máa ń fi pọ́n ara wọn. Okùn ọ̀rá tó jẹ́ 0.25 mm sábà máa ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Èyí tó jẹ́ 0.35 mm ń sún mọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, èyí tó jẹ́ 0.50 mm sì lè gbé tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ ẹ bá rí 0.25 tí wọ́n kọ kílò ogún sí lára, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ẹ má ṣe lọ ra okùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìlẹ̀kẹ̀ o. Ọ̀rá náà ni lóòótọ́, ó sì rọjú. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kì í já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ó sábà máa ń gan, ohun tó gan kì í sì gbọ́ràn nínú kókó.

Okùn híhun

Fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n hun pọ̀, irú ọ̀rá kan tó fúyẹ́ ju omi lọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó. Agbára rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: èyí tó tín-ín-rín tó 0.20 mm lè gbé ohun tí okùn ọ̀rá tó nípọn ní ìlọ́po méjì rẹ̀ ń gbé. Nítorí pé kò nà, bí ẹja bá fẹnu kan ìjẹ níbi tó jìn tó ogójì mítà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Létí dámù, fún ẹni tó ní ọ̀pá àti rílì, kò sí okùn tó dà bí rẹ̀. Ó tún ń gé ewéko rírọ̀. Ojú oró àti òṣíbàtà tó ń lékè omi kò lè dí i lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń dí okùn ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n inú odò tó ń ṣàn lórí àpáta, mi ò gbà yín níyànjú láti gbé e lọ. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé etí òkúta kan ṣoṣo lè gé díẹ̀ nínú wọn láìjẹ́ pé ẹ rí i, nígbà tí ẹja ńlá bá wá dé ni ìyókù á já. Odò tó ń gbé pàǹtírí tún ń fìyà jẹ ẹ́ lọ́nà mìíràn: orí omi ni okùn náà wà, orí omi náà ni ewé àti koríko ń gbà kọjá, kí ẹ tó mọ̀ wọ́n ti so mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n sá. Bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ìṣàn á fà á, òjé tó ń fa ìwọ̀ rì sísàlẹ̀ á kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bi àgbà apẹja tó ń fi ọwọ́ lásán fa okùn pé kí ló dé tí Bàbá kò ra okùn híhun bíi ti àwọn ọ̀dọ́, ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ kò ní ju pé ọwọ́ òun ni rílì òun. Okùn tó tín-ín-rín báyìí, tí kò nà, tí àrọ̀ ńlá wà lórí ẹ̀, ń la àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ṣe ká a mọ́ ìka láé.

Fluorocarbon

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan ló gbé e jáde fún ìpẹja ní 1971. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ọ̀nà tó sún mọ́ bó ṣe ń gba inú omi, ìyẹn ni kì í fi í tètè hàn sí ẹja. Ó wúwo ju okùn ọ̀rá lọ, ó ń rì dáadáa, kì í fa omi mu, àpáta kì í tètè ha á. Ó gan, ó sì wọ́n. Kò sí ìdí láti fi kún gbogbo rílì. Mítà kan péré, tẹ́ ẹ so mọ́ ìparí okùn ọ̀rá kí ẹ tó so ìwọ̀, ti tó. Nínú omi pupa ti oṣù kẹsàn-án, ẹni tó bá fi owó rà á kàn fi owó ṣòfò ni: ẹja kankan kò rí nǹkan nínú omi yẹn.

Nígbà tí omi mọ́

Ẹpìyà ni ẹja tó ń dán sùúrù ènìyàn wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ló fi ń wá oúnjẹ, ojú ló sì fi ń rí òjìji yín. Níbi tí omi bá mọ́ títí dé ìsàlẹ̀, okùn ọ̀rá 0.20 tàbí 0.25 mm ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ìwọ̀ kékeré, nọ́ńbà 8 tàbí 10. (Nọ́ńbà tó bá ga jù ni ìwọ̀ tó kéré jù, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.) Bí owó bá wà, ibí yìí ni mítà fluorocarbon kan ti wúlò. Ẹ jìnnà sí etí omi, ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Òjé kéré, tàbí kó má sí rárá, kí ìjẹ lè rọra rì bí ẹni tó já bọ́ láti ara ewé.

Okùn tín-ín-rín àti àpáta kì í ṣe ọ̀rẹ́, torí náà lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná méjì fa ìparí okùn kọjá láti òkè dé ìwọ̀. Ibi tó bá hà yín lọ́wọ́, ẹ gé e kúrò, kí ẹ so ìwọ̀ náà lákọ̀tun. Ìdajì mítà okùn tẹ́ ẹ gé dànù kò tó nǹkan kan.

Nígbà tí omi dàrú

Àrọ̀ kò nílò ojú nínú ẹrẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ àti òórùn ló fi ń wá ekòló, ó tún lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ìyẹn ló ṣe ń gbádùn ara rẹ̀ níbi tí ẹja mìíràn ti ń sá. Ẹ̀rù pé yóò rí okùn kò sí. Okùn ọ̀rá 0.40 sí 0.50 mm ló tọ́, kì í ṣe torí pé àrọ̀ tóbi, bí kò ṣe torí ẹ̀ka igi tó ń sáré lọ nínú omi àti ohun tí ìwọ̀ máa há sí nísàlẹ̀.

Wàhálà kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí lára okùn tín-ín-rín: bí okùn bá ṣe nípọn tó ni ìṣàn ṣe ń rí i gbá mú tó. Ẹ máa rí i tí okùn tẹ́ ẹ jù síwájú ti tẹ̀ kọrọdọ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, tí òjé sì ń yí tẹ̀ lé e. Àwọn kan á fi òjé mìíràn kún un. Mo rò pé ó sàn kí ẹ má ju ìwọ̀ jìnnà. Nígbà tí odò bá kún, ẹja náà kì í dúró láàárín ibi tí omi ti le jù. Etí bèbè, ẹ̀yìn àpáta, ibi tí omi ti ń yí padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ẹ ju ìwọ̀ sí ẹsẹ̀ bèbè, kí ẹ gbé orí ọ̀pá sókè kí okùn tó wà nínú omi lè kéré. Bí omi bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga lójú yín, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà nígbà tí òjò kò rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ kó ọ̀pá nílẹ̀.

Àkókò tó dùn jù lọ ni ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí odò ti kún tó sì ń padà lọ. Omi kò tíì mọ́, kò sì pupa mọ́. Ẹja ń jẹun, àrọ̀ àti ẹpìyà bákan náà. Okùn ọ̀rá 0.35 mm á gba méjèèjì. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju okùn kan lọ lọ́dún, èyí ni kó rà.

Lórí dámù

Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Omi tí ìjọba sé fún mímu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibòmíràn ní ẹ̀ṣọ́, ibòmíràn sì wà tí àwọn apẹja ìlú ti ní ètò tiwọn. Odò míràn náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ kí baálẹ̀ kó tó ju ìwọ̀ kò pàdánù nǹkan kan.

Níbẹ̀ ni okùn híhun ti ń jẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi kún rílì, kí ẹ so okùn ọ̀rá 0.40 mm bíi mítà kan àbọ̀ mọ́ ìparí rẹ̀ nítorí kùkùté. Bí ọ̀bọ̀kún bá wà níbẹ̀, ọ̀rá tó wà lórí ìwọ̀ náà á tún gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀gún tó wà lápá rẹ̀, tó ní eyín wẹ́wẹ́ tó lè gé fọ́nrán. Ẹ fi aṣọ dì í mú kí ẹ tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn òyìnbó ń ra okùn tó ń rì?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Scotland máa ń fi fọ́tò ẹja sáàmọ́nì ránṣẹ́ sílé, ẹni tó bá sì béèrè irú okùn tí wọ́n fi ń pa á máa ń gbọ́ ohun tó ṣàjèjì. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìjẹ wọn kì í ṣe ekòló, ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ ni, ó fúyẹ́ dé ibi pé kò lè gbé ara rẹ̀ lọ síwájú. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo, òun ni wọ́n ń jù, ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e. Wọ́n fi nǹkan bo okùn náà lára kó lè léfòó, tàbí kó rì díẹ̀, tàbí kó rì kíákíá, wọ́n sì ń kọ iye ínǹṣì tó ń rì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí ara rẹ̀. Nígbà tí odò bíi Spey bá kún tó sì tutù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, okùn tó ń rì ni wọ́n ń lò láti gbé ìjẹ sún mọ́ ẹja tó fara mọ́ ìsàlẹ̀. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tó nǹkan bíi ìwọ̀n 10 lórí Celsius tó sì fà, wọ́n á padà sí èyí tó ń léfòó. Sáàmọ́nì kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun mọ́ tó bá ti kúrò nínú òkun wọ odò, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kọjá síwájú rẹ̀ gan-an kó tó bínú gbá a.

Odò Èkìtì kì í tutù débẹ̀, ooru omi kọ́ ló ń darí wa. Àwọ̀ omi àti bó ṣe ń sáré tó ni tiwa. Ohun tí wọ́n ń fi okùn méjì tàbí mẹ́ta ṣe, òjé àti igi fífúyẹ́ tó ń léfòó la fi ń ṣe é lórí okùn ọ̀rá kan náà. Ẹ sún igi náà sókè, ìjẹ á jìn sí i. Ẹ sún un wálẹ̀, á sún mọ́ òkè. Ohun tí wọ́n ń ná owó okùn lé lórí, ọwọ́ làwa fi ń ṣe é.

Kókó

Okùn tó dára jù tí kókó rẹ̀ kò dára, okùn burúkú ni. Fún okùn ọ̀rá, ẹ ti orí okùn gba ojú ìwọ̀ kọjá, ẹ yí i mọ́ ara okùn ńlá ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ ti orí náà padà gba ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, kí ẹ tún ti í gba ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ fi itọ́ tàbí omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó fà á le. Bó bá gbẹ, ìfàle náà ń mú un gbóná, okùn á sì rẹ̀ níbẹ̀. Fluorocarbon nílò sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rọra fà á.

Kókó yẹn kò dára fún okùn híhun, torí ó ń yọ̀. Ẹ ká a po sí méjì, ẹ ti ìkápọ̀ náà gba ojú ìwọ̀, ẹ ta kókó lásán pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwọ̀ gba inú ìkápọ̀ náà kọjá kí ẹ tó fà á le.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè fún èyí tó wà nínú páálí, kì í ṣe èyí tó wà lójú oòrùn. Ẹ tú mítà kan, ẹ ta kókó lásán sáàárín rẹ̀, kí ẹ fà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bó bá já wẹ́lẹ́ láìnà rárá, ọ̀rá tó ti kú ni. Ìdì ọgọ́rùn-ún mítà kan tó fún ọ̀pá ọparun púpọ̀, ẹ lè pín in pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ sódò.